Gbèsè mẹ́ta, ìwé kan: Bí oníṣòwò ṣe lè ṣọ́ orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ayánilówó

Ẹ jẹ́ kí á fi ìyá oníṣòwò kan ní Òrò, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ṣe àpẹẹrẹ. Ìtòsí ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara tó wà nílùú náà ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Gàrí, ìrẹsì, núdù, ọṣẹ àti àwọn nǹkan kéékèèké tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rà ló ń tà, ó sì ti wà lẹ́nu rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Lọ́jọ́ kan, ó gba báńkì lọ láti yá ₦1,000,000, kó lè ra fíríísà, kó sì fi ọjà kún ọjà. Ó kó gbogbo ìwé tí wọ́n ní kó mú wá, ó mú onídùúró méjì dání. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó pè é.

"Màmá, ẹ má bínú. A ò ní lè yá yín lówó báyìí. Orúkọ yín jáde. Gbèsè kan wà lọ́rùn yín tí ẹ kò tíì san tán."

"Ọmọ mi, irọ́ ni wọ́n pa mọ́ mi. Mi ò jẹ báńkì yín ní kọ́bọ̀ rí."

Òótọ́ ni ìyá sọ. Kò jẹ báńkì náà ní gbèsè. Orí fóònù ló ti yá ₦8,000 lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó san ₦6,500 nínú rẹ̀, ó wá pa áàpù náà rẹ́ kúrò lórí fóònù, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Áàpù ló pa rẹ́, kò pa gbèsè rẹ́.

Àpẹẹrẹ ni ìyá yìí, kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ṣùgbọ́n ohun tó bá a lè bá oníṣòwò yòówù tó ń yáwó níbi méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, irú àwọn bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ láti Òrò dé Òmù-Àrán, láti Èsìẹ́ dé Àjàṣẹ́-Ìpo. Kì í ṣe pé gbèsè pọ̀ nìkan ló ń ba orúkọ jẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ jù ni kí èèyàn máa ka gbèsè mẹ́ta bí ẹni pé inú ìwé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà, nígbà tí àwọn ayánilówó ti ń kó wọn sínú ìwé kan ṣoṣo.

LÁTI ORÍ ÒṢÓMÀÁLÓ DÓRÍ BVN

Ní ayé àtijọ́, ẹni tó bá yánilówó fúnra rẹ̀ ló ń ṣọ́ owó rẹ̀. Àwọn oníṣòwò aṣọ tí wọ́n jẹ́ ará Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń kiri aṣọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n sì ń tà á láwìn, ni àwọn èèyàn sọ ní Òṣómàáló. Bí ọjọ́ ìsanwó bá pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọ́n á ní àwọn kò ní í dìde àfi bí àwọn bá gba owó àwọn. Bí gbèsè bá wá wọni lọ́rùn jù, èèyàn lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Lóde òní, ọ̀rọ̀ sogúndogójì àti gbómúlélántà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ń ná ọjà.

Ohun kan wà tó pa gbogbo wọn pọ̀. Gbèsè tí o bá jẹ Òṣómàáló, ọ̀dọ̀ Òṣómàáló ló ń mọ. Èyí tí o jẹ alájọ, alájọ ló mọ̀ ọ́n. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kò mọ ohun tó wà láàárín ìwọ àti báńkì. Nítorí náà, èèyàn lè jẹ ẹni mẹ́ta lówó, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn máa rò pé òun nìkan ni.

Ìgbà yẹn ti ń lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2014 ni Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà, CBN, àti àwọn báńkì tó kù bẹ̀rẹ̀ ètò BVN, ìyẹn nọ́ńbà mọ́kànlá tí wọ́n fi ìtẹ̀ka àti àwòrán ojú so mọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Iye báńkì yòówù tí o lè ní àkáǹtì sí, BVN kan náà ni. Ẹni tó ń fi orúkọ bàbá yáwó níbì kan, tó ń fi orúkọ ọkọ yáwó níbòmíràn, BVN á fi hàn pé ẹnì kan náà ni.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kó àkọsílẹ̀ gbèsè jọ, tí òyìnbó ń pè ní credit bureau. Mẹ́ta ni CBN fún níwèé àṣẹ: CRC, CreditRegistry àti FirstCentral. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe láti yánilówó. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń gba ìròyìn lọ́dọ̀ àwọn tó ń yánilówó, wọ́n á tọ́jú rẹ̀, wọ́n á sì fi han ayánilówó mìíràn tó bá fẹ́ mọ irú ẹni tó wà níwájú òun. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tó jẹ́ adelé Ààrẹ nígbà náà, fọwọ́ sí òfin tó de iṣẹ́ wọn. CBN náà ti pa á láṣẹ fún àwọn báńkì pé kí wọ́n tó yá ẹnikẹ́ni lówó, kí wọ́n kọ́kọ́ wo ìròyìn nípa rẹ̀ lọ́dọ̀ ó kéré tán méjì nínú irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ₦1,500 ìyá oní-ṣọ́ọ̀bù ti jáde síta nìyẹn.

KÍ LÓ WÀ NÍNÚ ÌWÉ NÁÀ?

Ìwé àkọsílẹ̀ gbèsè dà bí ìwé èsì ìdánwò ọmọ ilé-ìwé. Ó máa ń fi iye owó tí èèyàn yá hàn, ọjọ́ tó yá a, ẹni tó yá a lówó, iye tó ti san, iye tó kù, àti iye ọjọ́ tó fi pẹ́ kó tó san. Kì í ṣe gbèsè burúkú nìkan ló ń wà níbẹ̀. Èyí tí èèyàn san pé, tó san lásìkò, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, òun ló sì ń gbè é lẹ́yìn. Iye ìgbà tí àwọn ayánilówó ti béèrè nípa rẹ̀ náà lè hàn níbẹ̀.

Nínú gbogbo èyí ni wọ́n ti ń ṣírò máàkì tí òyìnbó ń pè ní credit score. Bí máàkì bá ga, ọkàn ayánilówó á balẹ̀. Bí ó bá lọ sílẹ̀, wọ́n lè má yá ẹni náà lówó, wọ́n sì lè yá a ní èlé tó wọ́n ju ti ẹlòmíràn lọ.

Amẹ́ríkà ni irú máàkì yìí ti gbilẹ̀ jù. Èyí tó lókìkí jù níbẹ̀ ni FICO, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọdún 1989, tó sì máa ń wà láàárín 300 sí 850. Àwọn tó ń ṣe é ti sọ bí wọ́n ṣe ń pín in. Nínú 100, 35 wà fún bí èèyàn ṣe ń san gbèsè rẹ̀ lásìkò. 30 wà fún iye tó jẹ báyìí. 15 wà fún bó ṣe pẹ́ tó tí ó ti ń yáwó. 10 wà fún gbèsè tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá, 10 tó kù sì wà fún oríṣiríṣi ẹ̀yáwó tó ní. Ilé-iṣẹ́ tó wà ní Nàìjíríà ní bí wọ́n ṣe ń ṣe ìṣirò tiwọn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń wò kò jìnnà sí èyí: Ṣé ó ń san án lásìkò? Èló ló wà lọ́rùn rẹ̀? Ẹni mélòó ló ń bẹ̀ fún owó lẹ́ẹ̀kan náà?

Ẹ kíyèsí i pé méjì àkọ́kọ́ nìkan ti kó 65 nínú 100. Ẹni tó bá ń sanwó lọ́jọ́ tó dá, tí kò sì jẹ́ kí gbèsè kún un dọ́rùn, ti ṣe ju ìdajì iṣẹ́ lọ.

KÁÀDÌ ÀWỌN ỌMỌ WA LÓKÈ ÒKUN

Ọ̀pọ̀ òbí ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ló ní ọmọ tàbí àbúrò ní London tàbí ní Houston. Àwọn ọmọ yìí máa ń sọ̀rọ̀ nípa káàdì tó ń fúnni ní ẹ̀bùn. Kì í ṣe irú káàdì ATM tí a mọ̀ nílé. Owó ara ẹni tó wà nínú àkáǹtì ni ATM ń fà. Owó báńkì ni káàdì tiwọn ń ná, wọ́n á sì dá a padà níparí oṣù. Bí wọ́n bá ti ń ná an, báńkì á máa fún wọn ní àmì tí wọ́n lè fi ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, tàbí kó dá owó díẹ̀ padà fún wọn. Nítorí ẹ̀bùn yìí, ẹlòmíràn máa ń ní káàdì mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní káàdì kan ń dá dọ́là kan àti ààbọ̀ padà lórí 100 dọ́là tí èèyàn bá ná. Ẹni tó ná 1,000 dọ́là á gba 15 dọ́là. Bí ó bá san gbogbo 1,000 náà níparí oṣù, èrè ni 15 náà. Ṣùgbọ́n èlé orí irú káàdì bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà lè ju 20 nínú 100 lọ lọ́dún. Bí ó bá fi 1,000 náà sílẹ̀ títí ọdún fi yípo, á san ju 200 dọ́là lọ ní èlé. Ó gba 15, ó sì san 200. Báńkì ló jèrè.

Ohun kejì tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ ni pé kì í ṣe iye tí èèyàn jẹ nìkan ni wọ́n ń wò, wọ́n ń wo ìpín tó jẹ́ nínú iye tí wọ́n gbà á láyè láti yá. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ọmọ kan ní káàdì méjì, ọ̀kan gbà á láyè 1,000 dọ́là, èkejì 4,000. Ó jẹ 1,000 lápapọ̀. Ìyẹn jẹ́ 20 nínú 100, kò sì burú, nítorí ìmọ̀ràn tí wọ́n sábà máa ń fúnni ni pé kí ó má kọjá 30. Bí ọmọ náà bá wá bínú ti káàdì ńlá pa nítorí pé kì í lò ó, 1,000 tó jẹ náà wá di 100 nínú 100. Gbèsè rẹ̀ kò fi kọ́bọ̀ lé sí i, ṣùgbọ́n máàkì rẹ̀ á rẹlẹ̀.

Ní Òrò, kò pọ̀ tí ẹ máa rí ẹni tó ń ná irú káàdì bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yáwó ẹgbẹ́, ẹ̀yáwó báńkì kéékèèké tí à ń pè ní microfinance, àti ẹ̀yáwó orí fóònù ló wà lọ́wọ́ oníṣòwò tiwa. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ kan náà ni: ẹni tó bá ní ju ẹyọ kan lọ gbọ́dọ̀ máa kà wọ́n pọ̀.

ÌṢIRÒ ÌYÁ ONÍ-ṢỌ́Ọ̀BÙ

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ ìyá wa. Ká ní ó ti san ₦1,500 yẹn, ó sì wá ní ẹ̀yáwó méjì. Ó yá ₦200,000 lọ́dọ̀ báńkì kéékèèké, ó ń san ₦10,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24. Ó tún yá ₦150,000 nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ó ń san ₦14,000 lóṣù fún oṣù 12. Bí a bá ka ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí oṣù kan, ₦40,000 àti ₦14,000 jẹ́ ₦54,000 lóṣù.

Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá wà nílé ẹ̀kọ́, èrè ìyá jẹ́ ₦130,000 lóṣù. Oúnjẹ àti ìnáwó ilé ń gba ₦40,000. Ó ku ₦90,000. Bí ó bá san gbèsè ₦54,000, ó ṣẹ́ ₦36,000 kù. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá wà ní ṣíṣí fún oṣù mẹ́ta, tí kò sì fọwọ́ kan owó yìí, á ní ₦108,000 nípamọ́.

Nígbà tí wọ́n bá gba ìsinmi, ọjà á dá. Èrè á wálẹ̀ sí ₦55,000. Bí ó bá yọ ₦40,000 ìnáwó ilé, ₦15,000 ló kù láti san gbèsè ₦54,000. Ó kù díẹ̀ káàtó, ₦39,000 lóṣù kọ̀ọ̀kan. Fún ìsinmi oṣù méjì, ₦78,000 nìyẹn. Ṣùgbọ́n ₦108,000 wà nílẹ̀. Á yọ ₦78,000 nínú rẹ̀, á sì ṣẹ́ ₦30,000 kù nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé. Gbèsè méjì ni ó ní, kò sì pẹ́ san ẹyọ kan nínú wọn.

Ẹ wá wo ohun tí gbèsè kẹta á ṣe. Ní ìparí oṣù àkọ́kọ́, ọmọ rẹ̀ bímọ. Ìyá fẹ́ ṣe ìkómọ, ó sì yá ₦40,000 lórí fóònù, á dá ₦50,000 padà lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́. Ní oṣù kejì, gbèsè tó gbọ́dọ̀ san di ₦104,000, bẹ́ẹ̀ ₦90,000 ló wà lọ́wọ́. Ó yọ ₦14,000 nínú ₦36,000 tó fi pamọ́, ó ku ₦22,000. Ní oṣù kẹta, ó rí ₦36,000 fi kún un, ó di ₦58,000. Ìsinmi bẹ̀rẹ̀. Oṣù àkọ́kọ́ ìsinmi gba ₦39,000, ó ku ₦19,000. Oṣù kejì ìsinmi tún ní kí ó mú ₦39,000 wá. ₦19,000 ni ó ní. Ó ku ₦20,000 tí kò sí níbì kankan.

Ìkómọ ti kọjá, àwọn àlejò ti jẹ ìrẹsì lọ, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni owó náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dunni. Ibi tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti ń ṣìṣe nìyí. Wọ́n á gba orí áàpù mìíràn lọ láti yá ₦20,000 yẹn, wọ́n á tún yá òmíràn láti san án. Ẹni tó ń gbẹ́ ihò kan láti fi dí òmíràn, ihò kan kò ní í ṣàì ṣẹ́kù. Lójú ayánilówó tó ń wo ìwé, ohun tó ń rí ni ẹni tó ń béèrè owó lọ́wọ́ ẹni mẹ́rin láàárín oṣù kan, ó sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Bí a bá sì fi ojú kan náà wo èlé wọn, á yé wa ìdí tí ẹ̀kẹta fi wúwo tó bẹ́ẹ̀. Lórí ₦100, ẹgbẹ́ ń gba ₦12 fún ọdún kan. Báńkì kéékèèké ń gba ₦20 fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ti orí fóònù ń gba ₦25 láàárín oṣù kan péré. Èyí tó kéré jù nínú owó tí ìyá yá ló wọ́n jù.

Ẹ̀BÙN TÓ DÀ BÍ ÌDẸ

Àwọn tó ń yánilówó nílé náà ní ẹ̀bùn tiwọn. Bí èèyàn bá san ₦10,000 lásìkò, wọ́n á ní ó ti lè yá ₦20,000. Bí ó bá san ìyẹn, wọ́n á gbé e dé ₦50,000. Àtẹ̀jíṣẹ́ á wọlé sórí fóònù láàárọ̀ pé owó ti ń dúró dè é, kó kàn tẹ ibí yìí.

Kò sí ohun tó burú nínú pé wọ́n fọkàn tánni. Ṣùgbọ́n ààyè láti yáwó kì í ṣe owó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èrè. Kò yàtọ̀ sí àmì orí káàdì àwọn ọmọ wa: ẹni tó ní ohun tó fẹ́ fi owó náà ṣe tẹ́lẹ̀ lè jàǹfààní rẹ̀, ẹni tó yáwó nítorí pé wọ́n ní kó wá yá ló ń sanwó ẹ̀bùn náà. Ìbéèrè tó yẹ kí oníṣòwò bi ara rẹ̀ ni pé: Bí wọn kò bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ránṣẹ́ sí mi, ṣé mo ti ní in lọ́kàn láti yáwó lónìí?

ỌWỌ́ CBN GÙN

Àwọn kan máa ń rò pé bí àwọn kò bá ti fi owó sínú àkáǹtì tí wọ́n fi yáwó, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, CBN bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní GSI. Ètò yìí fún báńkì tí èèyàn jẹ ní gbèsè láyè láti mú owó rẹ̀ nínú àkáǹtì mìíràn tí onígbèsè náà ní ní báńkì tó kù tó wà nínú ètò náà, nípasẹ̀ BVN rẹ̀. Owó tó yá àti èlé rẹ̀ ni wọ́n lè mú, wọn kò gbọdọ̀ fi mú owó ìtanràn.

Fún oníṣòwò, ewu tó wà níbẹ̀ ni pé owó tí wọ́n máa mú lè jẹ́ owó ọjà. Ẹni tó kó ₦150,000 sí àkáǹtì láti fi ra ìrẹsì lọ́la lè jí kí ó bá ohun tó ṣẹ́kù. Bákan náà ni ẹ̀yáwó ẹgbẹ́. Bí ẹnì kan kò bá san, àwọn tó kù ni wọ́n máa ń ní kí wọ́n dáwó dí i. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.

Ní ti áàpù orí fóònù, àwọn kan nínú wọn ti dójú ti ọ̀pọ̀ èèyàn, tí wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹbí, ọ̀rẹ́ àti àna pé olè ni ẹni tó jẹ wọ́n lówó. Àjọ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, FCCPC, gbé ìlànà jáde ní ọdún 2022 pé kí gbogbo wọn wá forúkọ sílẹ̀, ó sì tún gbé òfin tó kún ju ìyẹn lọ jáde ní ọdún 2025. Orúkọ àwọn tó gba àṣẹ wà ní ojúlé FCCPC lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò bá lè wò ó fúnra rẹ̀, kí ó ní kí ọmọ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá òun wò ó kó tó fi BVN rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

OHUN TÓ YẸ KÍ ONÍṢÒWÒ ṢE

Kìíní, ẹ kọ gbogbo gbèsè yín sójú ewé kan ṣoṣo. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ẹ jẹ, iye tó kù, iye tí ẹ ń san, àti ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ san án. Ẹ má fo ₦1,500. Ẹ má fo áàpù tí ẹ ti pa rẹ́. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí ẹ ti máa ń ka owó lálẹ́.

Èkejì, oṣù tí ọjà dá ni kí ẹ fi wọn gbèsè, ẹ má fi oṣù tí ọjà ń tà wọ̀n ọ́n. Ẹni tó ń tà fún akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìgbà ìsinmi. Ẹni tó ń ra káṣú mọ̀ pé kì í so yípo ọdún. Bí èrè oṣù tí ọjà dá kò bá lè san án, ẹ gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tí èyí tó kù á ti wá, kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Ẹ̀kẹta, ẹ kọ́kọ́ san èyí tí èlé rẹ̀ wọ́n jù tán, kí ẹ sì máa san ìdá tó yẹ lórí èyí tó kù lásìkò. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ayánilówó bóyá èlé á dín kù bí ẹ bá san án ṣáájú ọjọ́, nítorí àwọn ẹ̀yáwó kan wà tí kì í dín.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe máa wá owó kiri lọ́wọ́ ẹni márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ béèrè iye èlé kí ẹ tó fi orúkọ sílẹ̀, ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ sì lọ síbẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, bí ẹ bá rí i pé ọwọ́ kò ní í tó o, ẹ lọ bá ayánilówó kí ọjọ́ tó pé. Ìyá oní-ṣọ́ọ̀bù ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsinmi pé ₦20,000 máa kù. Bí ó bá lọ bá wọn nígbà náà pé kí wọ́n fa ọjọ́ gùn fún òun, wọ́n lè gbà, wọ́n sì lè má gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa fóònù nígbà tí ọjọ́ pé ti fúnra rẹ̀ dá ẹjọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, ẹ ṣọ́ra kí ẹ tó ṣe onídùúró. Bí ẹni tí ẹ dúró fún bá sá lọ, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ń bọ̀.

Èkeje, ẹ béèrè ìwé àkọsílẹ̀ gbèsè tiyín lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tí a dárúkọ wọ̀nyí, kí ó tó di pé báńkì bá yín béèrè rẹ̀. Òfin ọdún 2017 fún ẹni tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti rí ohun tí wọ́n kọ, àti láti ta kò ó bí kò bá jẹ́ òótọ́. BVN ni wọ́n máa bi yín. Ẹni tó bá ti gbàgbé tirẹ̀, kí ó tẹ *565*0# lórí nọ́ńbà fóònù tó fi forúkọ sílẹ̀ ní báńkì. Ẹ rántí pé kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ béèrè nọ́ńbà àṣírí ATM yín lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá béèrè rẹ̀, gbájúẹ̀ ni.

Ẹ̀kẹjọ, bí ẹ bá san gbèsè tán, ẹ gba ìwé pé ẹ ti san án tán, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti sanwó tí wọn kò gba ìwé, tí gbèsè náà ṣì ń jáde lórúkọ wọn nítorí pé ayánilówó kò fi ìròyìn tuntun ránṣẹ́.

Ohun tí ìyá oní-ṣọ́ọ̀bù wa gbọ́dọ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn. Kí ó wá àwọn tó ni áàpù yẹn kàn, kí ó béèrè iye tí ₦1,500 ti dà pẹ̀lú èlé, kí ó san án sínú àkáǹtì ilé-iṣẹ́ wọn, kì í ṣe sínú ti òṣìṣẹ́ kankan, kí ó gba ìwé ẹ̀rí. Lẹ́yìn náà, kí ó béèrè àkọsílẹ̀ rẹ̀ láti rí i pé wọ́n ti kọ ọ́ pé ó ti san tán. Bí wọn kò bá tíì kọ ọ́, kí ó fi ìwé ẹ̀rí náà ta kò ó.

Bí ó bá wá padà sí báńkì, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn á ṣì rí i pé ó fìgbà kan pẹ́ san gbèsè. Àkọsílẹ̀ kì í parẹ́ lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n á rí i pẹ̀lú pé ó san án, pé ó ń san ti ẹgbẹ́ lóṣooṣù, pé ó ń san ti ọ̀sẹ̀ lọ́sẹ̀ láìfi ọjọ́ kan pẹ́. Oṣù kan tẹ̀lé òmíràn, ìwé kan náà tó ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Fíríísà náà kò tíì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.